Imú Mi Ti Dí Kí Wọ́n Tó Ní Kí N Ṣí Wáìnì Ọdún 1990

Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ àjọ̀dún Vincent Mímọ́, ìgò mẹ́tàlá ló wà nílẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ ṣí kí agogo ọ̀sán tó lù. Ẹni méjì péré ló lè ṣí wọn nínú ilé iṣẹ́ wa. Ọwọ́ ẹnì kan ń gbọ̀n. Imú ẹnì kejì ti dí.

Gbogbo èèyàn ló ti gbọ́ nípa ọwọ́ tó ń gbọ̀n, torí èmi ni mo lọ sọ fún wọn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nípa imú tó dí. Imú tèmi ni.

Ludivine Hacquin lorúkọ mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí. Mi ò kàwé púpọ̀. Láti ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nínú àjà-ilẹ̀ àwọn Vaudrelle, níbi tí a ti ń ṣe ṣámpéènì, lábúlé kan tí kò jìnnà sí ìlú Épernay. Ohun tí mo mọ̀, ọwọ́ mi ni mo fi kọ́ ọ, Bàbá Firmin Dautreville ló sì kọ́ mi. Ẹ má gbàgbé orúkọ yẹn o. Òun ni mo ṣẹ̀.

Ṣámpéènì tó wọ́pọ̀, wáìnì ọdún mẹ́ta mẹ́rin ni a máa ń pò pọ̀ kó lè dọ́gba lẹ́nu lọ́dọọdún. A kì í kọ ọdún kankan sí i lára. Àmọ́ bí oòrùn àti òjò bá ṣe dáadáa lọ́dún kan, a ó mú àjàrà ọdún yẹn nìkan, a ó kọ ọdún rẹ̀ sí i, a ó sì tẹ́ ẹ sínú òkùnkùn kó máa sùn.

Tiwa ti ọdún 1990 ti sùn lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ fún ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọdún. Olóògbé Aubin Vaudrelle ló ṣe é, lọ́dún tó gbé Màdáámù Hermance, tó jẹ́ ọ̀gá wa báyìí, níyàwó. Ìgò mẹ́tàlá yẹn ló kù. Kò sí òmíràn níbikíbi.

Mo ti tọ́ ọ wò rí, ẹ̀kún ẹnu kan péré, lọ́dún méjì ṣáájú. Bàbá Firmin ló bù ú fún mi nígbà tó ń ṣí ọ̀kan fún Màdáámù.

Mo rò pé á ta mí lẹ́nu bíi ti tuntun. Kò ta. Ìfófòó rẹ̀ kéré, ó ń gòkè jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ò kánjú lọ síbì kankan. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin tí wọ́n gbé sójú fèrèsé. Àmọ́ òórùn rẹ̀ ló mú mi: èèpo búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò, bọ́tà, èèpo ọsàn tó ti gbẹ. Mo gbé e mì tán, ó ṣì wà lọ́fun mi, tútù, bí ẹni pé mo lá ògiri ẹfun àjà-ilẹ̀ wa.

Bàbá Firmin ń wò mí. Ó ní, "Ṣé o rí i? Tuntun máa ń pariwo. Èyí ò pariwo rárá. Ìwọ lo dákẹ́ fún un."

Láti ọjọ́ yẹn ni ojú mi ti wọ̀ ọ́. Kì í ṣe pé mo fẹ́ mu ún nìkan. Mo fẹ́ jẹ́ ẹni tó ń ṣí i. Mo fẹ́ kí wọ́n máa tọ́ka sí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Iṣẹ́ náà, apá méjì ni. Apá kìíní, ọwọ́ ni. Orí ìgò á wà nísàlẹ̀, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè kó jọ sẹ́nu rẹ̀. Wàá fi ẹ̀mú fa kọ́ọ̀kì tí wọ́n fi dé e lẹ́nu, wàá sì gbé ìgò náà sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Agbára inú rẹ̀ á tu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ jáde, pàá, wàá sì fi àtàǹpàkò dí i lẹ́nu. Bí o bá yára jù, ìdọ̀tí á kù nínú ẹ̀. Bí o bá pẹ́ jù, o ti da wáìnì nù.

Apá kejì, imú ni. Kọ́ọ̀kì kan lè bàjẹ́ kó sì ba wáìnì inú ìgò rẹ̀ jẹ́, á wá máa rùn bíi páálí tó rin sómi. Ojú ò lè rí i. Ahọ́n gan-an ò lè dá a mọ̀ bí imú ò bá ràn án lọ́wọ́. Nítorí náà, gbogbo kọ́ọ̀kì tó bá jáde, o gbọ́dọ̀ gbóòórùn rẹ̀. Èyí tó bá rùn, a ó da wáìnì rẹ̀ sí gọ́tà.

Ó wá ku kíkún. Torí pé díẹ̀ ti dànù nínú ìgò kọ̀ọ̀kan, ìgò kan la máa ń yà sọ́tọ̀ láti fi kún àwọn yòókù. Wáìnì 1990 nìkan ló ṣe é fi kún 1990.

Ìdí nìyẹn tí Bàbá Firmin fi máa ń sọ ọ́ ní gbogbo ìgbà òtútù pé: "Bí ọ̀fìnkìn bá mú ọ, wá sọ fún mi. Mi ò ní bínú. Ẹni tí imú rẹ̀ dí ò gbọdọ̀ sún mọ́ wáìnì àgbà."

Vincent Mímọ́ ni alábòójútó àwa tí à ń gbin àjàrà. Lọ́dọọdún, ní oṣù kìíní, ilé kan ló máa ń gbé wáìnì kalẹ̀ fún gbogbo abúlé lẹ́yìn ìsìn. Lọ́dún yìí, ó kan ilé Vaudrelle.

Olórí ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbin àjàrà lábúlé wa ni Anselme Poirrier, tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà. Ọkùnrin náà sanra, ojú rẹ̀ pọ́n, ẹnu rẹ̀ ò sì mọ̀ ọ́n dákẹ́. Láti ìgbà tí Aubin ti kú ló ti ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí ò fẹ́ gbọ́ pé, "Ilé ló kù fún Hermance. Wáìnì ti bá ọkọ rẹ̀ lọ."

Màdáámù fẹ́ fi 1990 pa á lẹ́nu mọ́. Ìgò méjìlá fún tábìlì méjìlá, ìkẹtàlá fún kíkún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe kí ọjọ́ náà tó pé. Ní oṣù kọkànlá, ìgò kan já bọ́ lọ́wọ́ Bàbá Firmin. Ìgò kan. Mo lọ sọ fún Màdáámù pé mẹ́ta ni. Mo ní, "Màdáámù, ọwọ́ Bàbá ń gbọ̀n. Àánú wọn ló ń ṣe mí ni mo fi ń bò ó." Mo tiẹ̀ mí kanlẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí àjọ̀dún pé, mo wà lóko, à ń gé ẹ̀ka àjàrà nínú yìnyín. Ọ̀fìnkìn dé. Nígbà tí àárọ̀ ọjọ́ àjọ̀dún mọ́, mo gbé ife kọfí sí abẹ́ imú mi. Omi gbígbóná lásán ni.

Bí mo ṣe wọ àjà-ilẹ̀, Màdáámù ti dúró síbẹ̀ pẹ̀lú fìlà rẹ̀ tó fẹ́ dé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá Firmin ti so ẹ̀wù awọ rẹ̀ mọ́ iwájú. Òun fúnra rẹ̀ ló ti kó ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá wá sórí pákó oníhò lánàá, tó da orí wọn kodò.

Màdáámù ò kí i. Ó ní, "Firmin, Ludivine ló máa ṣí wọn."

"Lónìí?"

"Lónìí."

"Ta ló sọ fún yín pé mi ò lè ṣí i?"

"Ọwọ́ yín ló sọ fún mi."

Mo tẹjú mọ́ bàtà mi. Bàbá Firmin wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó yí i padà, ó tún wò ó. Lẹ́yìn náà ló wò mí.

"Sọ̀rọ̀ kí n gbọ́," ó ní.

"Kí ni kí n sọ, Bàbá?"

"Ó tó. Ohùn rẹ ń dún bíi ti ẹni tó ki orí bọnú agolo. Imú rẹ ńkọ́?"

Mo fa imú, mo fà á kíkan kí Màdáámù lè gbọ́. Ibi díẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà ló sú fèé. "Òtútù àárọ̀ lásán ni. Ó là gbayawu."

"Ludivine."

"Mo ní ó là!"

Ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Gbọ́, ìwọ ṣí i. Mi ò ní fọwọ́ kan ìgò kankan. Kí n kàn jókòó sórí àpótí yìí, kí o máa na kọ́ọ̀kì sí mi, kí n máa gbóòórùn. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ilẹ̀kùn ló ṣí fún mi yẹn, ó ṣí i gbayawu. Ohun tí mo rò ni pé bó bá jókòó síbẹ̀, tó bá dọ̀la, wọ́n á ní Firmin ló ṣe é, Ludivine kàn bá a dì í mú ni.

Mo gbóhùn sókè kí àwọn tó ń fọ ìgò lókè lè gbọ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ lọ bá àwọn ẹgbẹ́ yín gbé ère Vincent Mímọ́. Iṣẹ́ yìí ti kọjá yín."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá Firmin tú ẹ̀wù awọ náà. Kò fi lé mi lọ́wọ́; orí pákó ló gbé e kọ́, ó sì gun àtẹ̀gùn lọ. Ẹ̀wù náà ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tí mo so ó mọ́ra.

Ọwọ́ mi ṣiṣẹ́ dáadáa o, mi ò ní parọ́. Pàá, mo dí i. Pàá, mo dí i. Wáìnì tó dànù ò tó nǹkan. Mo ń gbé kọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan sí imú bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo ń jù ú sínú korobá. Mi ò gbóòórùn ohunkóhun. Ẹni tó bá ń wò mí á rò pé mò ń ṣiṣẹ́.

Ó wá kan kí n yan èyí tí n ó fi kún àwọn yòókù. Èyí tó dára jù ló yẹ. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ ọ́n? Mo fi ojú yàn án. Ìgò kẹsàn-án ló hó jù, ìfófòó rẹ̀ rẹwà, àwọ̀ rẹ̀ mọ́ gaara. Mo tọ́ ọ wò: ó kan, ó tutù. Mo ní, òun ni. Mo fi kún ìgò méjìlá, mo ti kọ́ọ̀kì tuntun bọ̀ wọ́n lẹ́nu, mo so wáyà wọn. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí agogo ọ̀sán lù.

Nínú gbọ̀ngàn abúlé, gbogbo èèyàn ti jókòó. Wọ́n gbé ère Vincent Mímọ́ sórí tábìlì iwájú, láàárín búrẹ́dì. Wọ́n bu wáìnì sí gíláàsì yíká. Màdáámù Hermance dìde, ó sọ orúkọ ọkọ rẹ̀ àti ọdún náà, kò sì fi ohunkóhun kún un. Mo tiẹ̀ rí Anselme tó tún ìjókòó rẹ̀ ṣe dáadáa.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ṣí wáìnì ló máa kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, òun ló sì máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo dìde nínú ẹ̀wù awọ Bàbá Firmin. Mo ki imú bọnú gíláàsì. Òfo. Mo mu ún. Ó kan, ó tutù.

Ni mo bá sọ ohun tí mo rántí láti ọdún méjì sẹ́yìn. Mo di ojú mi pàápàá.

"Búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò," mo ní. "Bọ́tà. Èèpo ọsàn gbígbẹ. Kì í pariwo. Àwa la máa dákẹ́ fún un."

Wọ́n dákẹ́ lóòótọ́.

Nígbà tí mo la ojú, kò sẹ́ni tó ń mu. Gíláàsì wà lábẹ́ imú gbogbo wọn, wọ́n ń wo ara wọn.

Anselme ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ọmọ yìí, ààrò wo nìyẹn? Ààrò tí ajá tó rin sómi sùn sí?"

Ẹ̀rín bú. "Tiwa náà ń rùn!" ẹnì kan kígbe látẹ̀yìn. "Tiwa náà!" "Ẹ wá gbóòórùn eléyìí, bíi páálí tí wọ́n gbàgbé sínú òjò!" Tábìlì méjìlá, ohùn kan náà.

"Hermance," Anselme ní, ó rọra gbé gíláàsì rẹ̀ kalẹ̀ bí ẹni pé ó lè bu òun jẹ, "mo ní wáìnì ti bá Aubin lọ. Mi ò sọ pé òkú ni kẹ́ ẹ hú fún wa."

Mo fi ojú wá Bàbá Firmin kiri. Àga rẹ̀ ti ṣófo.

Màdáámù ò wo Anselme. Èmi ló ń wò. "Ṣé o gbóòórùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan?"

"Mo gbóòórùn gbogbo wọn, Màdáámù."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

Ibí yìí ló burú jù nínú ọ̀rọ̀ mi. Imú tó dí, àìsàn ni. Ohun tí mo sọ báyìí kì í ṣe àìsàn.

Mo ní, "Bàbá Firmin ló kó wọn wá lánàá. Inú ń bí wọn. Ẹ wò ó, wọ́n ti sá lọ. Ta ló mọ ohun tí wọ́n fi ṣe àwọn ìgò náà kí n tó dé?"

"Firmin?" Anselme ní. "Firmin tó ń bá ìgò sọ̀rọ̀ ju bó ṣe ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ?"

"Ọwọ́ tó ń gbọ̀n lè ṣe ohunkóhun," mo ní.

Gbogbo wọn ń wo ẹ̀yìn mi. Mo yí padà. Bàbá Firmin dúró lẹ́nu ọ̀nà, yìnyín wà ní èjìká rẹ̀, korobá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ó rìn lọ bá Màdáámù, ó sì ń to kọ́ọ̀kì síwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kọ́ọ̀kì mẹ́tàlá tí mo fà yọ láàárọ̀. Ó to méjìlá. Ọ̀kan kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó mú ọ̀kan nínú àwọn méjìlá náà, ó wá bá mi. "Tẹ́ ọwọ́ rẹ."

Mo tẹ́ ẹ. Ó fi kọ́ọ̀kì kan sí ọwọ́ òsì, ó fi èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún.

"Èwo ló bàjẹ́?"

Mo gbé òsì sí imú, mo gbé ọ̀tún. Imú mi sú fèé, gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ọ. Mo tún gbé òsì. Mo wo ojú Bàbá Firmin bóyá n ó rí ìdáhùn níbẹ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe nígbà tó ń kọ́ mi níṣẹ́.

"Èyí," mo ní. Mo na òsì.

Ìyàwó Anselme, tó jókòó ní òpin tábìlì, ti fi ìborùn rẹ̀ bo imú. Nítorí ọ̀tún.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ọjọ́ kélòó rèé?" Bàbá Firmin bi mí.

"Ọjọ́ kẹta."

"Kí lo fi kún wọn?"

"Èyí tó hó jù."

Ó mi orí, bí ẹni pé mo dáhùn ìbéèrè kan bó ṣe yẹ. Ó yíjú sí Màdáámù. "Méjìlá ló mọ́. Ọ̀kan ló bàjẹ́. Ọ̀kan yẹn ló wà nínú gbogbo wọn báyìí."

Màdáámù mú ọ̀kan nínú àwọn kọ́ọ̀kì tó mọ́, ó gbé e sí imú, ó sì pẹ́ gan-an kó tó gbé e kúrò.

"Òun nìyí," ó ní. "Bó ṣe máa ń rí nìyí." Kọ́ọ̀kì yẹn ló fi sínú àpò. Lẹ́yìn náà ló ní, láìwò mí, "Bọ́ ẹ̀wù yẹn. Kì í ṣe tìrẹ."

Mo bọ́ ọ níwájú gbogbo abúlé. Okùn rẹ̀ ta kókó, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Anselme rí i. "Ẹ wò ó o," ó ní, "ọwọ́ wo ló ń gbọ̀n?"

Ó rán àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sílé, wọ́n sì gbé wáìnì tuntun tirẹ̀ dé, èyí tó ń pariwo. Òun ni wọ́n mu lọ́jọ́ àjọ̀dún tó kan ilé Vaudrelle. Èmi àti obìnrin kan la da ìgò méjìlá náà sí gọ́tà. Ìfófòó rẹ̀ ṣì rẹwà bó ṣe ń lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ àgbà, mi ò ní gbàdúrà gígùn fún yín. Bí nǹkan bá ṣe yín lọ́jọ́ iṣẹ́ ńlá, ẹ sọ ọ́. Wọ́n á fi iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn, á dùn yín dé ọ̀la. Tèmi ń dùn mí títí di òní.

Mo ti lọ sílé Bàbá Firmin lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyàwó rẹ̀ ló ń ṣílẹ̀kùn. Ó ní Bàbá ń sùn, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, mo sì ń gbọ́ tó ń rìn nínú yàrá. Màdáámù bẹ̀ ẹ́ kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Bàbá ní ọwọ́ òun ń gbọ̀n.

Imú mi là ní ọjọ́ kẹsàn-án. Ọkùnrin kan láti Aÿ, ìlú kan nítòsí wa, ló ń ṣí wáìnì àgbà wa báyìí. Èmi ń fọ ìgò. Wáìnì ọdún 1990 ti tán.